Ìjàpá, Ọ̀kùn àti Wáyà Ọba

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ohùn yín ò jáde. Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí gbirigbiri, ó kọsẹ̀ lára wáyà, ó ṣubú lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Àyọ̀ká, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí aṣọ mi, kí n ráyè jókòó.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Erin ni ọba. Erin ti darúgbó. Orúnkún ń dùn ún, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́ láti orí àpáta tí ààfin rẹ̀ wà, ohùn rẹ̀ náà ò sì dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ni wọ́n bá ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un. Sípíkà ńlá ń bẹ nísàlẹ̀ níbi tí ìlú ń péjọ sí, máìkì ń bẹ lẹ́nu ọba lókè, wáyà gígùn kan ló so wọ́n pọ̀. Bí wáyà yẹn bá ti díjú pẹ́nrẹ́n, ọba di odi nìyẹn.

Ìjàpá ló ń ru sípíkà. Ọ̀kùn ló ń tọ́jú wáyà. Ọ̀kùn kan náà tí ẹ mọ̀ o, tó ní igba ẹsẹ̀, tí kò ní ojú kankan. Ẹsẹ̀ ló fi ń ríran. Bí ìpàdé bá ti tú, á fa wáyà náà wálẹ̀ pẹ̀lú máìkì, á yọ máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, á ká ìká kan síwájú, á yí ìká kejì sẹ́yìn, kí ó má baà lọ́. Á fi àkísà so ó níbi méjì, á gbé e sínú agbọ̀n. Wáyà méjì ló ní, èyí tí wọ́n ń lò àti èyí tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní agbọ̀n tirẹ̀. Bó bá ń ká a, á máa kọrin. Ẹ gbè é!

Mo ká a síwájú.
— Rọra o, rọra.
Mo yí i sẹ́yìn.
— Rọra o, rọra.
Wáyà kì í ṣe igi ìdáná.
— Rọra o, rọra.
Ẹni tó bá fagbára ká a,
— Rọra o, rọra.
Lọ́la ni yóò tú u tì.
— Rọra o, rọra.

Ẹ wá rí i bí ẹ ṣe lè kọrin! Èmi rò pé oorun ti gbé yín lọ.

Kí ìpàdé tó parí, Erin á sọ ọ́ nínú máìkì pé, "Ọ̀kùn, o káre o!" Gbogbo ìlú á pàtẹ́wọ́. Ta ló dárúkọ Ìjàpá? Kò sẹ́nìkan. Sípíkà a máa bó o lẹ́yìn, òógùn a máa bọ́ sí i lójú, òun ló sì mú Ọ̀kùn wọ iṣẹ́ ọba níjelòó. Ó dùn ún. Ó dùn ún dé egungun.

Lọ́jọ́ kan ó délé, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Yánníbo, ṣé o gbọ́ orúkọ mi nínú sípíkà lónìí?"

"N ò gbọ́ o, baálé mi. Ti Ọ̀kùn ni mo gbọ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọbẹ̀ fi jóná."

Ìjàpá ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìjàpá o! Kì í ṣe pé ọbẹ̀ jóná ló fà á o. Owú ló yó o.

Ó wá ku ọjọ́ márùn-ún kí ọdún iṣu pé. Erin kéde pé, "Lọ́jọ́ ọdún, ẹni tó bá gbé ohùn mi dé ìsàlẹ̀ ni n ó fi jẹ Agbóhùnọba. Orúkọ rẹ̀ ni n ó máa kọ́kọ́ pè ní gbogbo ìpàdé." Kíá ni gbogbo ẹranko yíjú sí Ọ̀kùn. Ìjàpá rí wọn. Ó ní, "Ẹni tí kò lójú! Èmi tí mo mú un wá ń kọ́? Oyè yìí, èmi ni n ó jẹ ẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, Ọ̀kùn lọ wẹ̀ lódò. Ìjàpá yọ́ wọ yàrá rẹ̀. Ó já àkísà tó wà lára wáyà tí wọ́n ń lò, ó da wáyà náà sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rò ó bí ẹni ń ro ọkà. Wáyà di irun wèrè. Ó dà á padà sínú agbọ̀n, ó dé e.

Ó wá mú wáyà kejì. Èyí ni yóò fi gba oyè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e mọ́ ara rẹ̀, ó ń fà á le kí ó lè tètè tán, ojú kan náà ló ń gbà, gbírígbírí, kò yí i sẹ́yìn rárá. Ó ní, "Ká síwájú, yí sẹ́yìn! Àṣehàn lásán ni ti Ọ̀kùn." Ó wọ agbádá lé e, ó jáde. Ẹ ò rí òpònú!

Ìlú pé. Ọ̀kùn ti ẹsẹ̀ bọ agbọ̀n. Ó fẹsẹ̀ bà á títí, kò rí orí, kò rí ìdí. Ó nà sí agbọ̀n kejì, òfìfo. Ó bú sẹ́kún. "Yéè! Ta ló ṣe mí báyìí?" Erin ń sọ̀rọ̀ lókè, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìjàpá bọ́ síwájú, ó bọ́ agbádá. "Ẹ má mikàn, ará ìlú! Mo ti mọ̀ pé ọjọ́ kan á rí báyìí, ni mo ṣe ní tèmi nípamọ́." Wọ́n pariwo ayọ̀. Ó ki ẹnu wáyà kan bọ sípíkà, ó so máìkì mọ́ ẹnu kejì, ó fi máìkì há eyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta. Wáyà ń tú lára rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ó kọjá níwájú Ọ̀kùn. Wáyà fara kan ẹsẹ̀ Ọ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró! Wáyà yìí ti lọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín yí i díẹ̀."

Ìjàpá yọ máìkì lẹ́nu. "Kí o lè gba oyè mọ́ mi lọ́wọ́? Kúrò lọ́nà!"

Ó fà á pẹ̀lú agbára. Wáyà ta kókó. Ó tún fà á. Kókó kan di mẹ́fà. Ó mú un lẹ́sẹ̀, ó mú un lápá, ó fún un lọ́rùn, Ìjàpá yí lulẹ̀ gbì! Máìkì há sí i lábẹ́ àgbọ̀n.

Ọ̀kùn sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, n ò lójú. Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ká a láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n lè mọ ibi tí n ó ti tú u."

Ojú ti Ìjàpá, ṣùgbọ́n èémí fẹ́ẹ́ pin. Ó bá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí Ọ̀kùn létí, kí ará ìlú má baà gbọ́. Háà! Máìkì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ o! Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń gbè é fún un. Ẹ̀yin náà, ó yá!

Ọ̀kùn, tú mi o.
— Rọra o, rọra.
Èmi Ìjàpá ni mo yọ́ wọlé.
— Rọra o, rọra.
Mo da ọ̀kan rú, mo jí ọ̀kan.
— Rọra o, rọra.
Tìtorí wọn ò dárúkọ mi.
— Rọra o, rọra.

Nígbà tí Ìjàpá gbọ́ ẹgbẹ̀rún ohùn tó ń gbè é, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ọ̀kùn ò bú u o. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n." Ó tú u ní kókó kọ̀ọ̀kan títí ó fi tán, ó na wáyà dé ọwọ́ ọba. Ohùn Erin bọ́ sísàlẹ̀ gbòòrò, wọ́n fi Ọ̀kùn jẹ Agbóhùnọba.

Ìdí rèé tí Ọ̀kùn fi ń ká róbótó bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ó rò pé ẹ wá kọ́ṣẹ́ ni, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń ká a hàn yín.

Ìjàpá wọ́ relé. Yánníbo wà nídìí ààrò. Ó gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ nínú sípíkà lọ́jọ́ náà, ó gbọ́ ọ ketekete. Kò pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí Ìjàpá bá ti gbọ́ ìró kékeré báyìí, á fa orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rò pé orúkọ òun ni wọ́n tún fẹ́ pè.

Mo ti ká àlọ́ mi, mo ti so ó. Bí mo bá purọ́, kí ó ta kókó mọ́ mi lọ́fun. Bí n ò bá purọ́, kí ẹnu mi ró lẹ́ẹ̀mẹta: Pó! Pó! Pó!