Iná Ọ̀bẹ Kan, Iná Ogún Ọ̀bẹ Ni

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Iná ọ̀bẹ kan, iná ogún ọ̀bẹ ni." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò ní irọ́ ni. Iṣu tí ẹnì kan jẹ yó kò lè yó ogún ènìyàn. Báwo wá ni iná ọ̀bẹ kan yóò ṣe bá iná ogún dọ́gba? Ẹ bi Ògúngbènró, alágbẹ̀dẹ ìlú Ayégún, tó fi oúnjẹ ọdún kan kọ́ ọ.

Ọkùnrin yìí mọ irin rọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ẹnu rẹ̀ a sì máa ṣáájú ìṣirò rẹ̀. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, agbọ̀n èédú mẹ́ta péré ló kù ní àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Ó fi wọ́n pamọ́ de ogójì ọkọ́ tí àwọn àgbẹ̀ yóò gbà bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, nítorí bí òjò bá ti dé, kò sẹ́ni tí ń sun èédú mọ́. Owó ọkọ́ yẹn ni yóò bọ́ ilé rẹ̀ títí iṣu tuntun yóò fi jáde.

Ìgbà náà ni bàbá Ọnàwùmí, tí ń fín igbá, wọlé dé. Ó fẹ́ ọ̀bẹ mẹ́ta tí ẹnu wọn ká bí èékánná àṣá. Ògúngbènró wo irin tí ọ̀bẹ kan yóò gbà, ó rí i pé kò ju ìdajì ti ọkọ́ lọ. Igba owó ẹyọ ló sì ń ta ọkọ́. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, bi í pé èédú ńkọ́.  Ògúngbènró gbọ́wọ́ lé ọmọ owú, òòlù irin rẹ̀, ó ní, "Ọgọ́rùn-ún owó lórí ọ̀kan." Ní Ayégún, iye tí alágbẹ̀dẹ bá gbọ́wọ́ lé ọmọ owú pè, èèwọ̀ ni kó yí i padà.

Ó dáná. Agbọ̀n èédú kan jó tán kí iléru tó gbóná, kò sì tíì rọ nǹkan kan. Kò ṣe irú ọ̀bẹ yìí rí, nítorí náà ó ní láti kọ́kọ́ rọ irin tí yóò máa tẹ ẹnu wọn lé lórí. Agbọ̀n kejì bá a lọ. Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ ṣẹ́. Ó jókòó, ó dìde, ó yọjú wo ojú ọ̀run tó ti ń ṣú, ó tún sáré padà sídìí ẹwìrì tó fi ń fẹ́ná. Ọjọ́ lọ, iléru tutù, ó di dandan kó dá iná tuntun lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ọ̀bẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí, eruku ló kù nínú agbọ̀n kẹta. Ẹgbẹ̀ta owó ni agbọ̀n èédú kan. Gbogbo owó ọ̀bẹ rẹ̀ kò ju ìdajì agbọ̀n lọ.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí bàbá Ọnàwùmí padà dé. Ó fi ọ̀bẹ kan gé àfọ́kù igbá, inú rẹ̀ dùn, ó ka ọ̀ọ́dúnrún owó sílẹ̀. Ó wá ní kó bá òun ṣe mẹ́tàdínlógún sí i, nítorí ogún ni àwọn tí ń fín igbá ní agbo ilé wọn, kò sì sí ẹni tí kò wá irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ tì.

Ògúngbènró ní, "Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ fún mi, bàbá?"

"Ìwọ náà ò bi mí."

Èédú ti tán, kò sì sí ibi tí wọn yóò ti rí òmíràn nínú òjò. Àwẹ̀ró wo iléru tó ti kú, ó wo irin ìtẹ̀bẹ tó wà nílẹ̀ tí kò níṣẹ́ mọ́. Ó dùn ún wọra. Ó ní, "Bó ṣe ọ̀kan, bó ṣe ogún, bákan náà la ó mú iléru gbóná, irin ìtẹ̀bẹ kan náà la ó sì rọ. Iná ọ̀bẹ kan, iná ogún ọ̀bẹ ni."

Àwọn àgbẹ̀ gba ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ mìíràn lọ. Ní ọdún náà, Ògúngbènró tí ń rọ ọkọ́ fún gbogbo ìlú yá ọkọ́, ó lọ ṣe alágbàṣe lóko olóko. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí oníṣẹ́ ọwọ́ tó gbọ́n, bí o bá bi í pé èló ni ọ̀kan, yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé mélòó lo fẹ́. Iná ọ̀bẹ kan, iná ogún ọ̀bẹ ni.