Ìṣẹ́jú Méjì fún Ọkọ̀ Agbẹ̀bí

Jẹ́jẹ́ ló gun òkè délé, wàràwàrà ló sùn sí ìdí òkè: ohùn tí ó jáde nìyí fún Morádéùn, agbẹ̀bí ìlú Ìsáòyè, ní ọjọ́ tí ó ń wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé aboyún kọjá Òkè Alábahun.

Ìdààmú Morádéùn kì í ṣe kékeré. Bí ìbí bá le ní Ìsáòyè, ọsibítù ńlá ni wọ́n ń gbé aboyún lọ, ọsibítù náà sì wà ní òdìkejì òkè. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó. Nínú oṣù Ògún, ó kú sí àárín òkè pẹ̀lú aboyún lẹ́yìn. Wọ́n rí ìyá gbà là, wọn kò rí ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni Morádéùn kò ti lè gbójú sókè wo òkè náà kí ọkàn rẹ̀ má bàjẹ́. Ó fẹ́ ọkọ̀ tí apá rẹ̀ ká, tí kò ní dójú tì í lórí òkè mọ́.

Ó tọ Fátúrotì lọ. Mẹkáníìkì ni bàbá yìí. Ìdílé adífá ni wọ́n bí i sí. Sípánà ni òun gbé, ṣùgbọ́n ohùn baba rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ro ẹjọ́ ọkọ̀ fún un, á dijú, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti sùn lọ.

Adégòróyè tẹ̀ lé Morádéùn lọ. Àbúrò rẹ̀ ni, kòkó ni ó ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, òun náà ń wá ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Tinúadé, sì ti lóyún oṣù mẹ́ta.

Wọ́n rí jíìpù kékeré méjì, tòkunbọ̀, tí ó jọra bí ìbejì, owó wọn kò sì pani lára. Fátúrotì kò wo dídán ara wọn. Ó ní kí wọ́n kó àpò gàrí mẹ́rin sínú ọ̀kan, kí Morádéùn wà á gun Òkè Alábahun. Búùtù gba méjì péré. Fátúrotì jókòó níwájú, méjì yòókù bá Adégòróyè jókòó lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń ráhùn.

Nígbà tí wọ́n kan ìdí òkè, Morádéùn tẹ iná. Ọkọ̀ náà lọ́ra díẹ̀ bí ẹni tí a jí lójú oorun. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gun òkè, kò kérora.

Wọ́n dúró lórí òkè. Fátúrotì dijú, ó sì là á.

“Ọkọ̀ yìí dára fún ìlò ojoojúmọ́. Kì í mu epo jù. Ó ga tó fún kòtò, kò ga jù fún aboyún láti wọ̀. Àyè ẹ̀yìn kò tó nǹkan, bí ó bá sì já sí kòtò, ìdí yín yóò mọ̀. Agbára tí ẹ rí yìí, tọ́bò ló ni ín. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, tọ́bò ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i tí ó fi ń ṣe bí àgbà. Ṣùgbọ́n tọ́bò ní ẹbọ tirẹ̀.”

“Kí ni ẹbọ náà, Bàbá?” ni Morádéùn bèèrè.

“Kì í ṣe ewúrẹ́, kì í ṣe àkùkọ. Ìṣẹ́jú méjì ni. Bí o bá dé ibi tí ò ń lọ, má pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tọ́bò á ti gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ, òróró ẹ́ńjìnnì ló ń tù ú lára. Bí o bá pa ọkọ̀, òróró dúró, ooru á sì jẹ ẹ́. Jẹ́ kí ó mí fún ìṣẹ́jú méjì. Ojúlówó òróró ni kí o máa rà, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó dúdú.”

“Bí aboyún bá ń rọbí lẹ́yìn ńkọ́?”

“Sọ̀kalẹ̀, gbé e wọlé, kí ẹnìkan dúró ti ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ni mo ní kí o má pa.”

Adégòróyè bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ṣé ọkọ̀ ni ẹ ní kí n rà ni, àbí ìyàwó tuntun tí n ó máa jókòó tì kí n tó ráyè lọ?”

“Etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀,” ni Fátúrotì wí.

Kálukú ra ọ̀kan. Morádéùn gbọ́ ẹbọ, ó rú u. Bí ó bá dé iwájú ilé ìgbẹ̀bí, á jókòó fún ìṣẹ́jú méjì kí ó tó pa ọkọ̀. Àwọn aboyún rò pé àdúrà ni ó ń gbà, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Àdúrà. Kò jiyàn. Adégòróyè ní tirẹ̀, ọkọ̀ kò tíì dúró tán tí yóò fi ti yí kọ́kọ́rọ́. Òróró inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì ni ó ń rọ sí i.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, Tinúadé ń rọbí. Morádéùn yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọmọ dábùú. Ọsibítù nìkan ló kù.

“Ọkọ̀ mi wà níta, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Adégòróyè wí. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ṣáájú. Morádéùn kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Ní àárín òkè, níbi tí ọkọ̀ àtijọ́ kú sí gan-an, ó bá èéfín. Ọkọ̀ Adégòróyè ń tú u lẹ́yìn, ó súfèé tééré, ó dákẹ́. Adégòróyè gbé ọwọ́ lérí. Morádéùn sáré bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé Tinúadé sínú ọkọ̀ rẹ̀, Adégòróyè wọlé tì í, Morádéùn tẹ iná.

Ọkọ̀ náà lọ́ra. Morádéùn mọ̀ pé ìṣe rẹ̀ ni, síbẹ̀ ìlọ́ra ọjọ́ náà gùn lójú rẹ̀ ju ọdún lọ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì gun òkè.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé Tinúadé wọlé kíákíá. Adégòróyè nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ kí ó lè sáré tẹ̀ lé wọn.

“Má pa á!” ni Morádéùn kígbe. “Jókòó tì í. Ìṣẹ́jú méjì.”

Ọkùnrin tó fi ẹbọ ṣe ẹlẹ́yà jókòó.

Nígbà tí Morádéùn jáde, oòrùn ti kan àtàrí. Ó bá a níbi tí ó fi í sí, ọwọ́ méjèèjì lórí ìdarí ọkọ̀, omijé lójú, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò gbójúgbóyà láti pa á.

“Obìnrin ni,” ni Morádéùn wí. “Ìyá rẹ̀ ń bèèrè rẹ. O lè pa á wàyí.”

Báyìí ni Morádéùn ṣe gbọ́ tí ó rú, tí òkè kò sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Adégòróyè gbọ́ tí ó rẹ́rìn-ín, àbámọ̀ ni ó sì fi wa ọkọ̀ àyálò títí tí ọmọbìnrin náà fi ń rìn.