Gúgúrú Nílé Ìtọ́jú Eyín

Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, Olóyè Láníhùn, rí èrò tó kún ilé ìtọ́jú eyín ìjọba dé ẹnu géètì, ó ní bí òun bá ṣì bá ẹnì kan lórí ìlà lọ́sàn-án, òun á ti ibẹ̀ pa. Dókítà kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Mojírọ́lá ní, "Ó dáa, sà. Ẹ jókòó, ẹ máa wò wá." Ó ra gúgúrú líle, ó bù ú fún gbogbo èrò, ó bu ti Alága náà fún un, ó ní ẹ kú ìdúró. Àwọn tó jẹ́ pé ọṣẹ ìfọyín ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín níbẹ̀ lásán ló gbé wọn wá ń rún tiwọn bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu; nọ́ọ̀sì fún wọn lọ́ṣẹ, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn tó kàn di tiwọn mọ́wọ́, tí wọ́n ń fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ló kó wọlé fún dókítà. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, èrò ti tán. Alága dìde, ó ní, "Ṣé o rí i pé irọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń pa?" Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ Alága. Gúgúrú àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹyọ kan ò dín. Ó ní, "Ó ku ẹnì kan lórí ìlà, sà. Ṣé ká ti ilẹ̀kùn ni, àbí ẹ máa wọlé?" Alága wo géètì, ó wo dókítà, ó wọlé, ó sì lanu.