Ohùn Tó Ń Dá Ìyá Lóhùn

Ọkùnrin kan wà tí ìpè fóònù ti sú pátápátá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ra fíríìjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan. Bí fíríìjì ò bá tutù, òun ni wọ́n ń pè. Bí iná ìjọba bá bà á jẹ́, òun náà ni, wọ́n á sì bú u bí ẹni pé òun ló rọ ọ́. Tó bá fi máa délé, kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn mọ́. Òun nìkan ló ń gbé yàrá rẹ̀, ládùúgbò tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni.

Ló bá fi ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù kó máa bá òun dáhùn: "Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ń gbọ́ yín. Tí agogo bá ti dún, ẹ máa sọ̀rọ̀." Ọlọ́gbọ́n ènìyàn! Ara tù ú.

Ṣùgbọ́n ó ní ìyá nílé. Àràárọ̀ ni ìyá yìí ń pè é kó lè kì í, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré rẹ̀. Ó gbọ́ "mo ń gbọ́ yín", inú rẹ̀ dùn. Agogo dún, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Ọmọ ò fèsì. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé ọmọ tí ìyá ń kì, ṣe ló ń dọ̀bálẹ̀, kì í fọhùn. Ohun tí ìyá rò nìyẹn. Ó ń fi yangàn fáwọn ará ilé pé ọmọ òun kì í já lu ọ̀rọ̀ òun. Lẹ́yìn oríkì, á ní, "Àmọ̀ó, ojú ń dùn mí o. Mi ò rí iná àdògán dáadáa mọ́. Wá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Ọmọ rí i pé ìyá pè. Ó ní tó bá di ọjọ́ ìsinmi, òun á gbọ́ ohun tó sọ. Ọjọ́ ìsinmi dé, ó sùn.

Nígbà tí ọdún dé, ó lọ sílé. Ó bá ìyá lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀. "Màámi, èmi ni." Ìyá kọjú síbi tí ohùn ti wá, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí ọmọ.

"Màámi, ẹ sọ̀rọ̀ o. Mo ń gbọ́ yín."

"Mo mọ̀, Àmọ̀ó mi. Agogo ni mò ń retí."

Ó ti mọ́ ọn lára. Háà, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí! Ọmọ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní kí o ju fóònù nù. Mo mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lu ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni tìrẹ ti ń gbọ̀n lápò, o sì ń tẹ̀ ẹ́ pa. Mi ò bi ọ́ lẹ́ni tó ń pè. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Dìde, bọ́ síta, kí o lọ gbé e.