Asín àti Ilé Tí Kò Rùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò tó. Ẹni tó bá ti ń tòògbé, kí ó sún mọ́ iná. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi kò gba ọ̀nà oko, kò gba ọ̀nà odò. Ó gba ẹ̀yìnkùlé Asín, ó wọ yàrá lọ.

Ní ayé àtijọ́, asín kì í rùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní kì í rùn. Imú rẹ̀ gùn bó ti gùn lónìí, ojú rẹ̀ kéré bó ti kéré lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì í lè jẹun tán kí ó sì pọ́nwọ́ lá.

Wọ́n ti lé Asín ní ìlú méjì rí. Ní ìlú kìíní, wọ́n ní ó jalè. Kò jí nǹkan kan. Ní ìlú kejì, wọ́n ní ṣebí ẹni tí wọ́n lé ní ìlú kìíní nìyí. Ló bá rìn títí ó fi dé ìlú Eèsún. Àwọn ará Eèsún fún un ní ilẹ̀, wọ́n bá a po amọ̀, wọ́n bá a bo òrùlé. Asín ní ibí yìí ni òun máa kú sí. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ṣùgbọ́n oorun kò kùn ún. Bí ewé bá já, á ní wọ́n ti dé. Bí ajá bá gbó, á ní wọ́n ti dé. Bí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, á ní wọ́n ti dé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọdẹ kan tó ń kọjá lọ fún un ní ewé jẹ. Igbó ni ewé náà, èyí tí àwọn kan ń mu bíi tábà. Asín jẹ ẹ́, ó sùn, kò jí títí oòrùn fi dé àtàrí. Ó fẹ́ràn rẹ̀.

Òfin kan sì wà ní Eèsún. Ọ̀bọ ló fà á. Ọ̀bọ mu igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká lọ́dún kan, ó sùn lọ, iná jó gbogbo àgbàdo ìlú. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí wọ́n bá bá igbó nílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nílùú kí oòrùn tó wọ̀, kò sì gbọdọ̀ padà wá mọ́ láéláé.

Asín mọ òfin yìí ju orúkọ bàbá rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó gbin igbó sínú ìkòkò fífọ́ mẹ́ta, ó gbé wọn sí yàrá, ó lu ihò sí òrùlé kí oòrùn lè máa wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni ká bá wí?

Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ni Ẹmọ́, opó àgbàlagbà. Ìyá Ẹmọ́ ni gbogbo ìlú ń pè é. Láràárọ̀, Ìyá Ẹmọ́ a mú àpáàdì lọ́wọ́, a wá fọnná nílé Asín. Asín a fi ẹ̀yinná méjì mẹ́ta sí àpáàdì náà, ìyá a súre fún un, a máa lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé ìgbà náà nìyẹn, iná ilé kan ló ń bí iná ilé kejì.

Igbó dàgbà. Igbó yọ òdòdó. Igbó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí òbúkọ tí òjò pa.

Ní ọjọ́ kìíní, Ìyá Ẹmọ́ fa imú. Ó ní, "Asín, kí ló ń rùn báyìí?"

"Irú ni mò ń sè, Ìyá."

Kò sí irú nílé. Asín sáré lọ wá irú, ó sè é, kí irọ́ náà lè di òótọ́. Ní ọjọ́ kejì, ìyá tún bèèrè. Asín ní ẹja ni òun ń yan, ó sì lọ wá ẹja. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní awọ ni òun ń wì lórí iná, ó sì lọ wá awọ. Irú ń rùn, ẹja ń rùn, awọ ń rùn, igbó ń rùn lórí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń gba iwájú ilé Asín kọjá a dúró. Èéfín ni ìwà, rírú ni í rú.

Ẹtà ni ẹ̀ṣọ́ ìlú. Imú ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà Asín, ó fa imú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ní, "Asín, o kò láya, o kò lálejò. Ta ló ń jẹ gbogbo ọbẹ̀ yìí?"

Asín ní òun ni, ebi ń pa òun gan-an ni. Ẹtà wo ikùn rẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ. Kò sọ nǹkan kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ló dẹ́rù ba Asín jù.

Láti ọjọ́ náà, ara gbogbo ayé ń fu Asín. Ẹni tó bá sín, ó ní àmì ni. Ẹni tó bá nu imú, ó ní àmì ni. Ẹni tí kò sín tí kò nu imú, ó ní onítọ̀hún gan-an ló mọ gbogbo ẹ̀.

Lárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé èédú já bọ́ sínú omi ìdọ̀tí tó wà lẹ́bàá ààrò, omi náà kò sì rùn mọ́. Asín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó da omi sí gbogbo ẹ̀yinná inú ààrò, ó kó èédú wọn jọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí èédú fi kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé ọ̀kan kọ́ sókè ilẹ̀kùn, ó gbé ọ̀kan kọ́ sójú fèrèsé, ó gbé ọ̀kan kọ́ sábẹ́ ihò òrùlé. Ó fi amọ̀ dí gbogbo ibi tí ògiri ti sán. Èédú gbé òórùn igbó mì káló. Asín ní kí òun má tiẹ̀ dáná mọ́, kí ẹnikẹ́ni má rí ohun fa imú sí. Àgbàdo tútù ló ń jẹ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sùn.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá Ẹmọ́ dé pẹ̀lú àpáàdì. Ó kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn. Ló bá fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Asín o, ọmọ Asín,
*Jìn-ín-jìn.*
Àpáàdì rèé lọ́wọ́ mi,
*Jìn-ín-jìn.*
Èéfín rẹ kò rú lónìí,
*Jìn-ín-jìn.*
Bó o bá ń bẹ, dá mi lóhùn,
*Jìn-ín-jìn.*
Bí ara bá ń ni ọ́, kan ilẹ̀kùn,
*Jìn-ín-jìn.*

Asín ká jọ sínú yàrá. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ló rán an, nítorí ẹni tó wá fọnná kì í kọrin. Ó ní Ẹtà ló dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbọ́, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn ìyá arúgbó yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún wá. Ó gbé ẹ̀kọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tún kọrin. *Jìn-ín-jìn.* Asín ní ìdẹ ni ẹ̀kọ náà. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá, ó bá ẹ̀kọ àná níbi tó gbé e sí. Orin kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ẹkún ló jáde. Asín ní ẹkún ẹ̀tàn ni.

Ìyá Ẹmọ́ lọ pe Ẹtà. Ẹtà fi imú sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi sí ojú fèrèsé, ó fi sí ìdí ògiri. Ó gbé orí sókè.

Ó ní, "Ìyá, ilé tí ẹ̀dá ń gbé a máa rùn. Bí a kò bá gbọ́ òórùn ọbẹ̀, a ó gbọ́ ti òógùn. Imú mi kò gbọ́ nǹkan kan níbí. Ebi ló pa á. Ó ti kú, ó ti gbẹ."

Ariwo ta. Ojú ti gbogbo ìlú, nítorí wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n gbé ọkọ́ láti gbẹ́lẹ̀. Ìyá Ẹmọ́ wọlé lọ, ó mú aṣọ funfun kan jáde, aṣọ tó ti ń tọ́jú de ọjọ́ ikú ara rẹ̀. Ó ní Asín kò ní ẹbí, aṣọ òun ni kí wọ́n fi sin ín.

Asín gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó gbọ́ ìró ọkọ́. Ó ní wọ́n ti dé o. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Wọ́n tì í lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Wọ́n tì í lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Wọ́n tì í lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn wó, ògiri mì, apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já lulẹ̀. Èédú bo Asín láti orí dé ìrù. Gbogbo òórùn tí èédú ti ń gbé mì, ó bì í sí i lára.

Ẹtà sín lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo wọn rí igbó. Gbogbo wọn rí Asín láàyè, ó dúdú bí èédú.

Ìyá Ẹmọ́ wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, a wá sin ọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò wá mú ọ."

Asín wá irọ́ tó máa pa, kò rí. Ó ní oorun ni kò kùn òun, ìdí nìyẹn tí òun fi gbìn ín.

Ẹtà yíjú sí i. Ó ní, "Èmi ni mo máa ń ṣọ́ ìlú. Bó o bá ti sọ fún mi ni, ẹnu ọ̀nà rẹ ni ǹ bá máa jókòó sí títí oorun yóò fi gbé ọ lọ."

Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Kí oòrùn tó wọ̀, Asín ti kọjá odi ìlú. Ó wẹ̀ ní odò kìíní, ó wẹ̀ ní odò kejì, ó wẹ̀ ní odò kẹta. Òórùn náà kò kúrò. Ó ń bẹ lára rẹ̀ di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí asín bá ń bọ̀, imú yín ló máa kọ́kọ́ rí i.

Láràárọ̀, Ìyá Ẹmọ́ a gbé ẹ̀yinná sí àpáàdì, a gbé e sí ẹ̀yìn odi ìlú fún un. Asín a yọjú láti inú koríko, a wò ó, a ní, ta ló rán an? Iná náà a sì kú síbẹ̀.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá mu jù a máa pa ni. Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí á má fi irọ́ bo irọ́ mọ́lẹ̀, kí á sì má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń fẹ́ wa nítorí ẹ̀rù ẹni tó lé wa.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo pa, ẹ gba ẹ̀yìn àká kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí ẹ fa imú.