Ọ̀rọ̀ Tó Há Mojírọ́lá Lẹ́nu

Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì kan, márùn-ún péré ni wọ́n ń mú. Mojírọ́lá mọ̀wé, ṣùgbọ́n akólòlò ni. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò.

“Bà… bà…” Ọ̀rọ̀ há a lẹ́nu.

Olùkọ́ kan wo aago, ó fẹ́ pe ẹlòmíràn wọlé. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn rọra sọ fún un pé, “Ẹ ní sùúrù. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.”

Wọ́n dúró. Òógùn bo ọmọ náà.

“Bàbá mi ni, mà. Káfíńtà ni. Orí pákó ló ti kọ́ mi.”

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, orúkọ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, tó sìn ín wá, tó sì ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn fèrèsé, ti sunkún ayọ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.