Bí Ìjàpá Ṣe Fara Pamọ́ Sínú Ẹ̀jẹ̀ Erin

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Àlọ́ wà lẹ́nu mi o.

Ẹ pa á, etí wa ṣí sílẹ̀.

Àlọ́ mi gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, ó dì mọ́ Ìjàpá, ó sì mú kí ẹsẹ̀ Erin wú.

Ní ọdún kan tí ìyàn mú, Ìjàpá kò tíì tóbi ju èkùrọ́ lọ. Ebi ń pa á gan-an. Ó wo Erin títí, ó rí i pé ẹran ara rẹ̀ á bọ́ òun fún ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ tí Erin lọ mumi lódò, Ìjàpá fara pamọ́ sábẹ́ ewé kan tó léfòó, Erin sì gbé e mì pẹ̀lú omi. Bó ṣe dé ikùn, ó dá ihò lu ògiri ibẹ̀, ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀ Erin kò ṣófo. Àwọn ẹ̀ṣọ́ aláṣọ funfun ń rìn káàkiri, wọ́n ń lé àjèjì. Àwọn Adíhò náà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n. Bí ẹ̀gún bá gún Erin, àwọn ló ń sáré débẹ̀, wọ́n á di ara wọn mú títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá.

Nígbà tí Ìjàpá gbọ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bọ̀, ó fi ohùn arò ké sí àwọn Adíhò pé ọgbẹ́ ńlá wà lọ́dọ̀ òun. Tètèdé, olórí wọn, ló kọ́kọ́ dé.

“Bàbá, ibo ni ọgbẹ́ náà wà?”

“Èmi gan-an ni ọgbẹ́ náà, ọmọ mi. Ẹ bò mí dáadáa.”

Wọn kò rí ọgbẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn yá ju èrò wọn lọ. Wọ́n bò ó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, wọ́n rí àwọn Adíhò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ṣe jókòó tó ń jẹ ara Erin. Bó ṣe ń sanra ló ń pe àwọn Adíhò sí i, títí wọ́n fi pọ̀ débi pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹsẹ̀ òsì Erin dí. Ẹsẹ̀ náà wú, ó gbóná, ó ń dun Erin. Kò lè dé odò mọ́. Ó rù, ó sì pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ láti dágbére fún wọn.

Àwọn ọmọ náà ló lọ pe Ìyá Ẹtu, tó mọ egbòogi. Ìyá bi Erin bóyá ó ṣubú. Erin ní òun kò ṣubú, ẹ̀gún kò sì gún òun. Ìyá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà wò.

“Ọmọ mi, ẹsẹ̀ tó wú láìfarapa, ó lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló sá pamọ́ sínú ara. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ la ó tọ́jú.”

Ó ṣàlàyé fún Erin pé àwọn Adíhò ló pọ̀ jọ tí wọ́n dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Erin bẹ̀ ẹ́ pé kó pa gbogbo wọn. Ìyá Ẹtu kọ̀, ó ní bí wọ́n bá kú tán, ẹ̀gún kékeré kan lè fa gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù. “A ó kàn ní kí wọ́n dẹwọ́ ni.”

Ó se èèpo igi, Erin ń mu ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọwọ́ àwọn Adíhò bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìjàpá ń bẹ̀ wọ́n, ó ní ọgbẹ́ òun ṣì ń ta òun. Tètèdé wá wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Bàbá, ọgbẹ́ kì í sanra.”

Òun fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọ́n lé Ìjàpá dé inú ẹ̀dọ̀fóró, Erin húkọ́, Ìjàpá fò jáde láti ẹnu rẹ̀, ó balẹ̀ sórí àpáta.

Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ là díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ẹsẹ̀ náà fi fọn, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù fi máa parí, Erin fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sódò, Ìyá Ẹtu ń bá a rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ibẹ̀ ni mo sọ ẹrù àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Àwọn Adíhò kan ti gbẹ mọ́ Ìjàpá lára, wọn kò lè ṣí kúrò mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí bí ohun tí a lẹ̀ pọ̀ títí dòní. Bí ẹ bá rò pé mo parọ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín.